Fóònù rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kọ̀ǹpútà ní òun kò rí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà nílé wa tó ń lo Wi-Fi. Ìyàwó mi ń fi fóònù rẹ̀ tẹ̀wé lórí rẹ̀ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi, Windows 11, máa ń kọ "Offline" sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti yọ ọ́ kúrò tí mo tún fi í padà. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, á ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó tún padà síbi tí a ti ń bọ̀. Èwo ló ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì? Ṣé kí n ra òmíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí mo ṣe rí i nínú ohun tí ẹ kọ, kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ló kó lọ sí àdírẹ́sì mìíràn, kọ̀ǹpútà yín kò gbọ́, ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ ló ṣì ń kàn. Nígbà tí kò gbóhùn ẹnikẹ́ni, ó kọ "Offline". Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ pé ẹ̀rọ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé, "mo kànlẹ̀kùn, wọn ò dá mi lóhùn."

Nǹkan méjì tí ẹ fi sínú ìbéèrè yín ló jẹ́ kí n dá a lójú báyìí. Èkíní ni pé fóònù ń tẹ̀wé, nítorí náà ẹ̀rọ wà láàyè, tíńkì àti ìwé kò yọ ọ́ lẹ́nu. Èkejì ni pé bí ẹ bá tún un fi sórí kọ̀ǹpútà, á ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ká ní dráífà, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sọ̀rọ̀, ló bàjẹ́ ni, kò ní ṣiṣẹ́ rárá, tàbí kó máa tu àwọn àmì tí kò nítumọ̀ sórí ìwé. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń dáṣẹ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àdírẹ́sì ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Yíyọ dráífà kúrò àti fífi í padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn, ká fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá ni. Ìdí tó fi dà bí ẹni pé ó ń wò ó sàn ni pé, nígbà tí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ sí i lákọ̀tun, Windows á tún wá a kiri, á sì kọ àdírẹ́sì tó ń lò lọ́jọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àdírẹ́sì ṣe ń yí padà. Ohunkóhun tó bá wọ Wi-Fi yín, ráútà, àpótí tó ń tan Wi-Fi nínú ilé, ló ń fún un ní àdírẹ́sì, nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi àmì ìdánudúró pín, bíi 192.168.1.45. DHCP ni wọ́n ń pe ètò tó ń pín in. Kì í fi àdírẹ́sì tọrẹ, ṣe ló ń fi í yáni fún àkókò kan. Ohun tó bá wà ní títàn á máa sọ àdéhùn rẹ̀ dọ̀tun kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n pa fún ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́? Àdéhùn rẹ̀ á ti parí. Bí fóònù àlejò kan bá ti gba 45, ráútà lè fún un ní 52 nígbà tó bá jí. Àwọn ráútà kan tún wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá pa wọ́n tí wọ́n tún tàn wọ́n, gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nípa ẹni tó ń gbé ibi kan ló ti pa rẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in lákọ̀tun.

Windows kọ 45 sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ fi ẹ̀rọ sí i, 45 náà ló sì dì mú. Fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ìyàwó yín bá fẹ́ tẹ̀wé, fóònù á ké sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì pé, "ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wo ló wà nítòsí?" Ẹ̀rọ yín á dáhùn, á sọ orúkọ rẹ̀ àti àdírẹ́sì tó ń lò lónìí. mDNS ni orúkọ ìké yẹn, òun sì ni AirPrint tí iPhone ti ń lò láti 2010 gbára lé. Kì í ṣe pé fóònù gbọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ. Kò kàn gbára lé ìrántí ni.

Àlàyé tèmi nìyẹn. Ẹ má gbà á gbọ́ títí ẹ ó fi fojú ara yín rí i.

Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ẹ ní kó tẹ àkọsílẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde. Bó bá ní ojú tí ẹ lè fọwọ́ tẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Network" tàbí "Wireless" sí, ẹ ó rí "Print Report" tàbí "Network Configuration" níbẹ̀. Bí kò bá lójú, ìwé ìlò rẹ̀ á sọ bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀. Ìwé tó máa jáde á kún fún ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ló kàn wá: IP Address, SSID, èyí tó jẹ́ orúkọ Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀, àti MAC Address. Ẹ fàlà sí wọn nídìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ ṣí i, kí ẹ wá kọ ipconfig síbẹ̀. Ẹ wo "IPv4 Address" àti "Subnet Mask". Bí mask bá jẹ́ 255.255.255.0, bó ṣe máa ń rí nílé ọ̀pọ̀ èèyàn, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ bá mẹ́ta àkọ́kọ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mu. 192.168.1.8 àti 192.168.1.52, ọmọ agboolé kan náà ni wọ́n. 192.168.1.8 àti 192.168.0.52 kì í ṣe ọmọ agboolé kan, mo ń padà bọ̀ sórí ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ pé 169.254 ló bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó wá ráútà títí kò rí i, ló bá fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Ẹ tún so ó mọ́ Wi-Fi kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ká ní agboolé kan náà ni wọ́n wà. Ẹ kọ ping sínú ojú dúdú yẹn, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá kọ àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé: ping 192.168.1.52. Windows á pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bí ẹ bá rí "Reply from 192.168.1.52" tí wọ́n kọ time sí iwájú rẹ̀, ó dáhùn. Bó bá jẹ́ "Request timed out", kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ìkẹta kan wà tó ń tan èèyàn jẹ: "Reply from 192.168.1.8: Destination host unreachable". Ẹni tó bá wò ó fìrí á rí "Reply", á tún rí 0% loss nísàlẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Ẹ wo ẹni tó dáhùn dáadáa. 192.168.1.8 yẹn, kọ̀ǹpútà yín fúnra rẹ̀ ni! Òun ló jáde lọ wá onílé, tó padà wá sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò bá a. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo ọ̀sán jà pẹ̀lú dráífà nítorí pé "ping dáhùn".

Bí ẹ̀rọ náà bá dáhùn ní tòótọ́, ẹ ṣí Chrome tàbí Edge, kí ẹ kọ àdírẹ́sì náà síbi tí ẹ máa ń kọ orúkọ ojú ìwé sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ní ojú ìwé tiwọn nínú, ó máa ń fi bí tíńkì ṣe kù sí hàn. Bó bá ṣí, ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ti mọ́, ohun tó kù wà nínú Windows nìkan.

Ó wá kù ká wo àdírẹ́sì tí Windows kọ sílẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, Bluetooth & devices, Printers & scanners, ẹ tẹ orúkọ ẹ̀rọ náà, Printer properties, kí ẹ wá tẹ Ports. Èyí tí wọ́n mú nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ni ibi tí ìwé yín ń lọ. Bí ẹ bá rí IP_192.168.1.45 níbẹ̀ nígbà tí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ń sọ 52, ọ̀rọ̀ ti parí, a ti mú olè.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ WSD ni ẹ máa rí, pẹ̀lú òkìtì lẹ́tà àti nọ́ńbà lẹ́yìn rẹ̀. WSD ni Windows sábà máa ń lò bí ẹ bá jẹ́ kó wá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kì í di àdírẹ́sì mú, orúkọ ló fi ń wá ẹ̀rọ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó dára létí. Lójú tèmi, ó máa ń sọ ẹ̀rọ nù ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá bí ẹ̀rọ náà bá ń sùn wọra tí kò sì gbọ́ ìpè. Bí mo bá ti rí WSD lórí kọ̀ǹpútà tó ń ráhùn "Offline", mo máa ń gbé e kúrò ni, mi ò tilẹ̀ bá a jà.

Kí ẹ tó yí i padà, ẹ kọ́kọ́ so àdírẹ́sì mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá sọ fún Windows pé 52 ni lónìí láìsọ fún ráútà, ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ ó tún kọ lẹ́tà yìí sí mi. Ẹ wọ inú ráútà yín. "Default Gateway" tó jáde nínú ipconfig ni àdírẹ́sì rẹ̀, inú Chrome náà ni ẹ máa kọ ọ́ sí. Ẹ wá "Address Reservation", "DHCP Reservation" tàbí "Static Lease", orúkọ rẹ̀ kò dọ́gba lórí gbogbo ráútà. Níbẹ̀ ni ẹ ti máa sọ pé ohun tó bá ní MAC báyìí, àdírẹ́sì báyìí ni kí ẹ máa fún un nígbà gbogbo. MAC dà bí orúkọ tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀rọ, kì í yí padà. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sì tún ń lo Wi-Fi, MAC méjì ló máa ń ní. Èyí tó wà lábẹ́ Wireless lórí ìwé yẹn ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ti fi í pa mọ́, ẹ pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ẹ tún un tàn.

Àwọn kan á ní kí ẹ má wulẹ̀ wọ inú ráútà, kí ẹ kọ àdírẹ́sì sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó ti fi ojú mi rí nǹkan. Ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, mo kọ àdírẹ́sì sórí ẹ̀rọ, mo sì lọ sùn. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, á dákẹ́. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú u palẹ̀ kí n tó mọ̀ pé aago mẹ́wàá ni òṣìṣẹ́ kan máa ń wọlé dé, tí fóònù rẹ̀ á sì gba àdírẹ́sì kan náà lọ́wọ́ ráútà. Inú èyí tí ráútà ń pín ni mo ti lọ mú tèmi láìsọ fún un. Ẹni méjì nínú ilé kan náà, lẹ́tà á máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ni í. Bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí, ẹ mú nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn odi èyí tí ráútà ń pín, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.220 bó bá jẹ́ pé 100 dé 199 ló ń pín.

Ẹ wá padà sí Ports. Ẹ tẹ Add Port, Standard TCP/IP Port, New Port, kí ẹ kọ àdírẹ́sì tí ẹ ti so mọ́lẹ̀ síbẹ̀. Windows á gbìyànjú láti bá a sọ̀rọ̀, á sì fi ààmì sí port tuntun náà. Ẹ tẹ Apply, ẹ lọ sí General, kí ẹ tẹ Print Test Page.

Bí ìwé bá jáde ṣùgbọ́n tí "Offline" kò kúrò lójú ibẹ̀, ẹ padà sí Ports, ẹ tẹ Configure Port, kí ẹ yọ ààmì kúrò nínú "SNMP Status Enabled". SNMP ni Windows fi máa ń bi ẹ̀rọ léèrè pé "ṣé àlàáfíà lo wà?" Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké ni kì í dáhùn ìkíni yẹn, Windows á sì gbà pé wọ́n ti lọ. Kíkọ̀ láti kí i kò pa ìwé títẹ̀ lára rárá.

Nǹkan kékeré kan tún wà tí yíyọ àti fífi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta yẹn lè ti dá sílẹ̀. Ẹ wo Printers & scanners dáadáa, bóyá ẹ ó rí ẹ̀rọ kan náà ní ẹ̀ẹ̀méjì, tí wọ́n kọ "(Copy 1)" sí èkejì. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ti kú, ó sì lè jẹ́ pé òkú ni Word ń fi ìwé ránṣẹ́ sí. Ẹ yọ èyí tí port rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́. Níbẹ̀ náà, ẹ pa "Let Windows manage my default printer", kí ẹ fúnra yín mú ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́.

Ìwé tó ti há nígbà tí ẹ̀rọ fi wà ní "Offline" lè má fẹ́ kúrò. Bí ẹ bá tẹ Cancel tí kò gbọ́, ẹ ṣí cmd pẹ̀lú "Run as administrator", ẹ kọ net stop spooler, kí ètò tó ń to ìwé sílà de ẹ̀rọ lè dúró. Ẹ pa gbogbo ohun tó wà nínú C:\Windows\System32\spool\PRINTERS rẹ́, inú rẹ̀ nìkan o, kì í ṣe fódà náà fúnra rẹ̀. Ẹ wá kọ net start spooler kó tún bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ping ni kò dáhùn ńkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé gan-an ni ẹ kọ? Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá VPN ibi iṣẹ́, ètò tó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́ láti òkèèrè, wà ní títàn lórí kọ̀ǹpútà náà. Ọ̀pọ̀ VPN ló ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gba ojú ihò kan ṣoṣo lọ sí ibi iṣẹ́, kò ní rí ohun tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ mọ́. Ẹ pa á, kí ẹ tún ping. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi orúkọ Wi-Fi tó wà lórí ìwé wé èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò. Wi-Fi àlejò, èyí tí wọ́n máa ń kọ Guest sí, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ má lè rí ẹnikẹ́ni nínú ilé ni. Íńtánẹ́ẹ̀tì á máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kò fi ń sọ sí èèyàn lọ́kàn. Àwọn ráútà kan tún ní "AP Isolation" tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Wi-Fi, ẹ pa á bí ẹ bá rí i.

Nípa 2.4GHz àti 5GHz, ẹ má jẹ́ kó kó ìdààmú bá yín. Òótọ́ ni pé 2.4GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó wà lórí 5GHz ráútà kan náà á rí i láìsí ìṣòro. Ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n, ilé kan náà ni.

Mo ṣèlérí láti padà sórí 192.168.1 àti 192.168.0. Ìyẹn sábà máa ń wáyé níbi tí ráútà méjì bá ti wà, tí wọ́n so èkejì mọ́ àkọ́kọ́ kí Wi-Fi lè dé ẹ̀yìn ilé, tí àwọn méjèèjì sì ń pín àdírẹ́sì. Ẹ fi èkejì sí "Access Point Mode" kó lè ṣíwọ́ pínpín, tàbí kí ẹ kó kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sórí ráútà kan.

Ẹ tún wo fóònù ìyàwó yín. Bí Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DIRECT, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀ ló ń tan Wi-Fi tirẹ̀, fóònù ń bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà láìgba ọ̀dọ̀ ráútà. Á jẹ́ pé ẹ̀rọ náà lè má sí lórí Wi-Fi ilé rárá, ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi yí padà nìyẹn, ẹ kọ́kọ́ so ó mọ́ ráútà.

Gbogbo èyí wà fún ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà USB so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà kan, tó ń tẹ̀wé láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, tó sì rí nọ́ńbà àṣìṣe 0x0000011b, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àtúnṣe ààbò tí Microsoft ṣe sí Windows ní September 2021 ló mú un jáde. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí wọ́n yí nǹkan padà nínú registry, ibi tí Windows ń kọ àwọn ètò inú rẹ̀ sí, láti pa ààbò yẹn. Mi ò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀; kí kọ̀ǹpútà méjèèjì gba gbogbo àtúnṣe tó yẹ ló dára jù.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo rẹ̀ tó sì ṣì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ ya àwòrán ìwé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, ohun tí ipconfig àti ping sọ, àti ojú Ports, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fi nǹkan bo ibi tí wọ́n bá kọ páswọ́ọ̀dù sí lórí ìwé náà kí ẹ tó ya á. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń tẹ páswọ́ọ̀dù Wi-Fi Direct wọn síbẹ̀ gbangba.